Wáyà Pésímékà Tí Ó Ti Pẹ́ Nínú Ọkàn: Ṣé Kí A Yọ Ọ́ Ni, Àbí Kí A Fi Í Sílẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, Dókítà, ẹ là wá lóye. Ọdún kẹrìnlá rèé tí wọ́n ti fi pésímékà, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń mú kí ọkàn máa lù bó ti yẹ, sí àyà màmá mi, wọ́n sì ti pààrọ̀ àpótí bátìrì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Láti bí oṣù méjì sẹ́yìn ni awọ tí ó bo ẹ̀rọ náà ti ń pọ́n, tí ó sì ń fẹ́lẹ́ sí i. Ní báyìí, omi díẹ̀díẹ̀ ti ń jáde níbẹ̀. Ara wọn kò gbóná, wọ́n ń jẹun, wọ́n sì ń rìn káàkiri. Dókítà kan ní kí á máa fọ ojú egbò náà kí á sì máa lo oògùn. Òmíràn ní gbogbo rẹ̀ ni yóò jáde, títí kan wáyà méjèèjì tí ó wọnú ọkàn. Wáyà yẹn gan-an ni ó ń bà wá lẹ́rù. Ṣé kò sàn kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ síbi tí wọ́n wà, kí wọ́n kàn fi ẹ̀rọ tuntun sí apá kejì?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ ṣàlàyé ní kíkún, nítorí ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ yín tí ó mú kí ìdáhùn mi yá: omi ti ń jáde láti ojú àpò ẹ̀rọ náà, ìyẹn ààyè abẹ́ awọ tí a tẹ́ ẹ sí. Bí ọ̀rọ̀ bá ti dé ibẹ̀, dókítà kejì ni ó tọ́. Àpótí àti wáyà méjèèjì ni yóò jáde, kò sì sí èyí tí a lè dá sí nínú wọn. Mo mọ̀ pé ìdáhùn yìí kò ní fi yín lọ́kàn balẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ fara balẹ̀ sọ ohun tí ó fà á, kí n sì sọ ibi tí ewu iṣẹ́ náà wà gan-an, nítorí pé ewu wà níbẹ̀ lóòótọ́, ohun tí ẹbí sì béèrè kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ lè dín ewu náà kù púpọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ohun tí ó wà lábẹ́ awọ yẹn. Àpótí irin pẹlẹbẹ kan wà tí bátìrì wà nínú rẹ̀, èyí tí a tẹ́ sí abẹ́ awọ, nísàlẹ̀ egungun tí ó so ọrùn mọ́ èjìká. Láti ara àpótí yìí ni àwọn wáyà ti jáde, tí wọ́n gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó wà lábẹ́ egungun náà, tí wọ́n bọ́ sínú iṣan ńlá tí ó ń da ẹ̀jẹ̀ orí àti ti apá sínú ọkàn, tí orí wọn sì fara mọ́ ògiri ọkàn lápá ọ̀tún. Bí wáyà bá jẹ́ méjì, ọ̀kan sábà máa ń wà ní yàrá òkè, èkejì a sì wà ní yàrá ìsàlẹ̀, lẹ́yìn tí ó ti gba àárín ilẹ̀kùn ọkàn kọjá. Nítorí náà, nígbà tí awọ bá ti lu lórí àpótí, ohun tí ó wà níta ti rí ọ̀nà tààrà tí yóò bá wáyà rìn dé inú ọkàn. Ẹ̀yin rí egbò kékeré lórí àyà. Ohun tí èmi rí ni ilẹ̀kùn tí ó ṣí sílẹ̀ ní ìkángun kan, tí yàrá ọkàn sì wà ní ìkángun kejì.

Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ó sábà ń fa ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn tí a ń pè ní Staphylococcus, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé lórí awọ gbogbo wa láìṣe wá ní ibi kankan. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti bà lé irin tàbí rọ́bà, wọ́n a máa fi ohun yíyọ̀ kan bo ara wọn mọ́lẹ̀, bí ohun aláwọ̀ ewé tí ó máa ń bo òkúta inú odò tí ẹsẹ̀ fi ń yọ̀ lórí rẹ̀. Abẹ́ ìbòrí yẹn ni wọ́n ti ń bí sí i. Ẹran ara ní ẹ̀jẹ̀ tí ń gbé oògùn lọ bá kòkòrò. Irin kò ní ẹ̀jẹ̀, rọ́bà kò sì ní. Oògùn a máa pa àwọn tí ó bá jáde síta, pípọ́n awọ á rọlẹ̀, omi á dáwọ́ dúró, inú ẹbí á dùn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀, nǹkan á tún padà sí bí ó ti wà, nígbà mìíràn pẹ̀lú kòkòrò tí oògùn àkọ́kọ́ kò ràn mọ́. Mo ti rí ẹbí tí ó fi oṣù púpọ̀ fọ egbò bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn. Ìtọ́jú wọn kò ní àbùkù. Ohun tí wọ́n ń fọ̀ ni kò ṣeé fọ̀ mọ́.

Pé ara màmá yín kò gbóná jẹ́ ohun ìdùnnú, nítorí ó lè jẹ́ pé kòkòrò kò tíì wọnú ẹ̀jẹ̀. Síbẹ̀, kò yí ìpinnu padà. Àwọn amòye ti fẹnu kò lórí rẹ̀, nínú ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìlù ọkàn ní Amẹ́ríkà gbé jáde lọ́dún 2017 àti èyí tí àwọn ti Yúróòpù gbé jáde lọ́dún 2018, pé bí àkóràn bá ti wà nínú àpò ẹ̀rọ, gbogbo ohun tí a fi síbẹ̀ ni a ó kó jáde, yálà ara gbóná tàbí kò gbóná. Àsìkò tí ara ṣì le, tí oúnjẹ ń wọlé, tí kíndìnrín ń ṣiṣẹ́, ni ó dára jù láti ṣe é. Bí a bá dúró de ibà, a ti dúró de ìgbà tí kòkòrò ti ń ṣù jọ sára wáyà tàbí sára ilẹ̀kùn ọkàn, tí ìṣù rẹ̀ sì lè já lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró.

Ní ti àbá yín pé kí a fi wáyà sílẹ̀ kí a sì gbé ẹ̀rọ sí apá kejì, ó yé mi ìdí tí ẹ fi rò ó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun gan-an ni mo ń bẹ̀rù jù nínú gbogbo ohun tí ẹnìkan lè ṣe fún màmá yín. Wáyà tí kòkòrò ti gùn yóò ṣì wà nínú ọkàn, wáyà tuntun yóò sì wá bá a níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kan náà ni yóò sì máa fọ àwọn méjèèjì. Bí a bá wá gé wáyà àtijọ́ kí a tó fi í sílẹ̀, orí rẹ̀ lè sún padà sínú iṣan, níbi tí ọwọ́ kò ti ní tó o mọ́. Irinṣẹ́ tí ó ṣe pàtàkì jù fún yíyọ rẹ̀, tí mo máa tó ṣàlàyé, ihò àárín wáyà ni ó ń gbà wọlé. Wáyà tí a ti gé, tí ó ti sún wọlé, kò fún wa ní ihò yẹn mọ́. Iṣẹ́ tí ó ṣòro ni a ti sọ di èyí tí ó ṣòro ní ìlọ́po méjì fún ẹni tí yóò ṣe é lẹ́yìn ọ̀la.

Ẹ lè máa bi ara yín pé báwo ni kòkòrò ṣe wọlé nígbà tí ọdún ti pọ̀ tó báyìí. Kò sí ẹni tí ó lè fi ìdánilójú sọ ọ́ fún yín, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí a bá tún àpò náà là láti pààrọ̀ bátìrì ni ààyè tuntun ń ṣí sílẹ̀ fún kòkòrò. Ọkùnrin tí wọ́n kọ́kọ́ fi pésímékà sí nínú ara, Arne Larsson, ní Stockholm lọ́dún 1958, lo ẹ̀rọ tí ó ju 20 lọ kí ó tó kú lọ́dún 2001. Bí ènìyàn ṣe ń pẹ́ láyé pẹ̀lú ẹ̀rọ yìí, bẹ́ẹ̀ ni iye ìgbà tí a ń la awọ náà ń pọ̀ sí i. Kí ẹ má ṣe di ẹ̀bi yìí ru ara yín tàbí màmá yín.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí á dé orí wáyà tí ó ń bà yín lẹ́rù. Ìdí tí a kò fi lè kàn fà á jáde ni pé ara ti gbé e mì. Bí a bá so okùn mọ́ igi nígbà tí igi ṣì kéré, igi náà á máa sanra, èèpo rẹ̀ á máa bo okùn náà díẹ̀díẹ̀, títí ọjọ́ kan yóò dé tí a kò ní lè tú okùn náà láìdá igi lójú. Bẹ́ẹ̀ ni ara ṣe ń fi ẹran àpá bo wáyà. Láàárín ọdún àkọ́kọ́, ó sábà máa ń ṣeé fà jáde pẹ̀lú ọwọ́ jẹ́jẹ́. Nítorí èyí ni àwọn oníṣègùn fi fi ọdún kan ṣe ààlà, tí wọ́n ń ka yíyọ wáyà tí ó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ sí iṣẹ́ ọ̀tọ̀ tí ó nílò ẹni tí a kọ́ fún un. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ẹran àpá náà lè ti le bí egungun láwọn ibì kan. Ibi tí ó ti sábà máa ń gbá wáyà mú jù ni ẹnu ibi tí ó ti wọ iṣan, inú iṣan ńlá òkè ọkàn, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ọkàn, àti orí rẹ̀ tí ó kan ògiri ọkàn. Bí wáyà bá ju ẹyọ kan lọ, àpá a tún máa so wọ́n pọ̀ mọ́ ara wọn.

Wáyà dífíbírílétọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń ta ọkàn jí nígbà tí ìlù rẹ̀ bá dàrú, a máa le ju ti pésímékà lọ láti yọ. Ó nípọn jù, ó sì ní irin tí a wé bí sípíríǹgì sí i lára, inú àwọn wíwé wọ̀nyẹn ni ẹran àpá ń hù wọ̀. Èyí tí ó ní irin wíwé méjì, tí ọ̀kan nínú wọn fara ti ògiri iṣan ńlá òkè ọkàn, ni a máa ń fi ọ̀wọ̀ púpọ̀ jù bá lò. Ti màmá yín jẹ́ pésímékà lásán, èyí sì jẹ́ ohun kan tí ó dára nínú ọ̀rọ̀ wọn.

Láyé àtijọ́, ọ̀nà kan tí wọ́n ń lò ni pé kí wọ́n so ẹrù kékeré mọ́ ìdí wáyà, kí wọ́n gbé okùn rẹ̀ gba orí kẹ̀kẹ́ ìfanǹkan lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, kí aláìsàn sì dùbúlẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún wákàtí púpọ̀ tàbí ọjọ́ púpọ̀ kí ìwúwo náà fi máa fà á. Nígbà mìíràn wáyà á já, nígbà mìíràn ògiri ọkàn á bá a ya. Mo mẹ́nu ba èyí nítorí pé ìtàn ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń gbé kiri, tí ó ń mú kí wọ́n sá fún iṣẹ́ tí kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́.

Lónìí, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni a máa kọ́kọ́ tì bọ inú ihò àárín wáyà títí yóò fi dé orí rẹ̀ nínú ọkàn, a ó sì mú kí ó há mọ́ inú wáyà náà gbọin-gbọin. Nípa bẹ́ẹ̀, agbára tí a fi ń fà á yóò dé orí rẹ̀, dípò kí wáyà máa nà bí rọ́bà títí yóò fi já. Lẹ́yìn náà ni a ó gbé àkọ̀ kan wọ wáyà náà, bí ìgbà tí a bá ń ti idà sínú àkọ̀ rẹ̀, a ó sì máa ti àkọ̀ yìí lọ lórí wáyà, kí ó máa tú u kúrò lára ẹran àpá bí ó ti ń lọ. Àkọ̀ kan wà tí ẹnu rẹ̀ ń yọ iná lésà. Òmíràn ní eyín ní ẹnu, a sì ń yí i díẹ̀díẹ̀ kí ó fi gé àpá náà. Ti lésà yìí ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti àwọn ọdún 1990, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í sì í wọnú ẹran jìnnà rárá, ohun tí ó bá fara kàn án nìkan ni ó ń tú. Ìlànà ni pé kí a má ṣe tì í ju mìlímítà kan lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú ìwádìí kan tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 1999, àwọn tí wọ́n lo lésà fún yọ wáyà 94 jáde tán pátápátá nínú 100, nígbà tí àwọn tí wọ́n lo irinṣẹ́ ìgbà náà láìsí lésà yọ 64. Láti ìgbà náà, àwọn àkọ̀ eléyín ti dára sí i gan-an, èmi kì í sì í bá ẹnikẹ́ni jà lórí èyí tí ó yàn, níwọ̀n ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti mọ́ ọn.

Nígbà tí àkọ̀ bá dé ògiri ọkàn, ibẹ̀ ni ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà. A kì í fa wáyà ní fífà lásán níbẹ̀. Ẹnu àkọ̀ ni a ó fi ti ògiri ọkàn dúró, bí ẹni tí ó fi ọwọ́ kan di ilẹ̀ mú yí ìdí ẹ̀gẹ́ ká nígbà tí ọwọ́ kejì ń fà á tu, kí ògiri náà má bàa bá wáyà bọ̀. Bí ọ̀nà òkè bá kọ̀, tàbí tí wáyà bá já, a lè gba iṣan itan gòkè, kí a fi okùn olójóbó mú wáyà náà nínú ọkàn, kí a sì fà á wá sísàlẹ̀. Àwọn kan ń gba iṣan ọrùn. Ẹni tí ó mọ ọ̀nà kan ṣoṣo kò tíì mọ iṣẹ́ yìí tó.

Ewu tí ó ga jù ni kí iṣan ńlá òkè ọkàn ya. Ògiri rẹ̀ kò nípọn, ibẹ̀ sì ni àpá ti sábà máa ń lẹ̀ mọ́ ọn jù. Bí ó bá ya, ẹ̀jẹ̀ á tú sínú igbá àyà, tàbí sínú àpò tí ó yí ọkàn ká, ìfúnpá á sì já wálẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ náà ni ààyè tí ó wà láti la àyà kí a sì rán ibi tí ó ya. Nǹkan yìí kò wọ́pọ̀. Nínú àkójọ kan tí wọ́n ṣe ní ilé ìwòsàn 73 ní orílẹ̀-èdè 19 ní Yúróòpù, tí ó kó àwọn aláìsàn tí ó ju 3,500 lọ pọ̀, tí èsì rẹ̀ sì jáde lọ́dún 2017, àwọn tí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ fa ìpalára ńlá fún nígbà tí wọ́n ṣì wà ní ilé ìwòsàn jẹ́ 17 nínú 1,000, àwọn tí ó sì pa nínú wọn jẹ́ 5 nínú 1,000. Láti nǹkan bí ọdún 2016 ni àpò rọ́bà rírọ̀ kan tún ti wà, tí a lè tì gba iṣan itan lọ sí iṣan ńlá yẹn, kí a sì fẹ́ ẹ bíi bálúùnù kí ó dí ojú ibi tí ó ya, tí àwọn oníṣẹ́ abẹ yóò fi rí àyè la àyà. Àyè ni ó ń fúnni. Kò lè rọ́pò oníṣẹ́ abẹ.

Ẹ wá fi èyí wé ewu àkóràn fúnra rẹ̀. Nínú ìwádìí kan tí a ṣe lórí aláìsàn 1,449 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2010, nǹkan bí ènìyàn 3 nínú 1,000 ni iṣẹ́ yíyọ wáyà fúnra rẹ̀ pa. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tí kòkòrò ti dé inú ọkàn wọn kí wọ́n tó dé, àwọn tí ó kú ní ilé ìwòsàn, láti ọwọ́ ohunkóhun, jẹ́ 43 nínú 1,000. Nínú àwọn tí ó tún ní àtọ̀gbẹ mọ́ ọn, ó di 79. Nínú àwọn tí kíndìnrín wọn ti ń kọṣẹ́, ó di 124. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka àwọn iye wọ̀nyẹn lẹ́ẹ̀kejì. Bí a bá ń dúró nítorí ìbẹ̀rù wáyà, ibi tí ìdúró náà ń gbé aláìsàn lọ nìyẹn.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kó àníyàn yín lé ni ibi tí wọ́n yóò ti ṣe é àti ọwọ́ ẹni tí yóò ṣe é. Ẹ béèrè iye tí ẹni náà ń yọ lọ́dún. Kì í ṣe àfojúdi, dókítà tí ó mọṣẹ́ yóò sì dá yín lóhùn láìbínú. Nínú àkójọ ti Yúróòpù tí mo mẹ́nu bà, àwọn ilé ìwòsàn tí wọ́n ń ṣe tó 30 lọ́dún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní èsì tí ó dára ju ti àwọn tí kò ṣe tó bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ béèrè bóyá oníṣẹ́ abẹ ọkàn yóò wà níbẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ìdáhùn náà yé yín yékéyéké. "A lè pè é" kò tó. Ohun tí a ń fẹ́ ni kí ó ti mọ orúkọ màmá yín, kí ó wà níbi tí yóò ti dé ẹ̀gbẹ́ wọn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kí wọ́n ti fọ àyà wọn títí dé itan kí wọ́n sì ti bò ó bí ẹni tí wọ́n fẹ́ là, kí ẹ̀rọ tí ń bá ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ṣiṣẹ́ wà nítòsí, kí ẹ̀jẹ̀ tí ó bá tiwọn mu sì wà nílẹ̀. Ẹ béèrè bóyá dókítà akunnilóorun yóò wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àti bóyá wọn yóò gbé ẹ̀rọ ayàwòrán ọkàn gba ọ̀nà ọ̀fun, kí wọ́n lè máa wo àyíká ọkàn bí iṣẹ́ ti ń lọ. Bí ilé ìwòsàn tí ẹ wà kò bá ní nǹkan wọ̀nyí, ó sàn kí wọ́n fi yín ránṣẹ́ sí ibòmíràn, bí ọ̀nà rẹ̀ tilẹ̀ jìn. Dókítà tí ó bá sọ pé "èmi kì í ṣe irú èyí, ẹ jẹ́ kí n fi yín ránṣẹ́ sí ẹni tí ó ń ṣe é" ti ṣe yín lóore ńlá.

Àwọn tí ọwọ́ ewu máa ń le sí jù ni àwọn tí wáyà wọn ti ju ọdún mẹ́wàá lọ, àwọn obìnrin, àti àwọn tí ara wọn kò tóbi. Màmá yín ti wà nínú méjì nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó kéré tán. Èyí kò sọ pé kí wọ́n má ṣe é. Ohun tí ó sọ ni pé kí wọ́n má ṣe ka iṣẹ́ náà sí kékeré. Yíya àwòrán CT àyà, ìyẹn àwòrán inú ara tí a fi ẹ̀rọ X-ray yà, ṣáájú lè fi ibi tí wáyà ti lẹ̀ mọ́ ògiri iṣan hàn, mo sì fẹ́ràn kí a ṣe é.

Ohun mìíràn tí ẹ kò béèrè, ṣùgbọ́n tí ó yẹ kí ẹ béèrè, ni ohun tí yóò máa mú ọkàn wọn lù lẹ́yìn tí wáyà bá jáde. Àwọn kan wà tí ọkàn wọn kò lè dá lù tó bí ẹ̀rọ bá dákẹ́. Fún irú wọn, a máa gba iṣan ọrùn fi wáyà onígbà díẹ̀ sí i, èyí tí a so mọ́ ẹ̀rọ tí ó wà lórí awọ níta, aláìsàn á sì lè jókòó kí ó sì rìn nínú wọ́ọ̀dù títí tí àkóràn yóò fi tán. Wáyà tuntun kì í padà sí ibi àtijọ́, apá kejì ni yóò lọ, a sì gbọ́dọ̀ ti fi ó kéré tán wákàtí 72 rí i pé kòkòrò kankan kò hù nínú ẹ̀jẹ̀ tí a gbìn (ìyẹn ẹ̀jẹ̀ tí a gbà lọ sí yàrá àyẹ̀wò láti wò ó bóyá kòkòrò yóò hù nínú rẹ̀) lẹ́yìn yíyọ náà. Bí kòkòrò bá ti dé ilẹ̀kùn ọkàn, a máa dúró pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Fún àwọn kan, pésímékà kékeré aláìníwáyà, tí gbogbo rẹ̀ ń gbé inú ọkàn, tí ó ti wà lọ́jà láti bí ọdún mẹ́wàá báyìí, lè dára jù. Kí wọ́n tó fi òmíràn sí i rárá, ẹ ní kí wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò bóyá màmá yín ṣì nílò rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó nílò ẹ̀rọ yìí ní ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn ni ó nílò rẹ̀ lónìí, a sì máa ń rí àwọn tí wọ́n lọ sílé láìsí i tí ara wọn dá ṣáṣá.

Kí àwọn mìíràn tí wọ́n bá ka èyí má baà fi ìdáhùn màmá yín dá ara wọn lóhùn, mo gbọ́dọ̀ sọ pé ti wáyà tí kò ní àkóràn yàtọ̀ pátápátá. Bí wáyà kan bá kàn kọṣẹ́, tí kò sí kòkòrò, tí àyè ṣì wà nínú iṣan, a lè fi í sílẹ̀ kí a sì fi òmíràn tì í, pàápàá fún ẹni tí ó ti dàgbà tàbí tí àìsàn mìíràn ń bá jà. Fún ọ̀dọ́ tí ó ní ọ̀pọ̀ ọdún níwájú, mo sábà máa ń fẹ́ kí a yọ ọ́ nígbà tí ó ṣì rọrùn, nítorí pé wáyà tí a fi sílẹ̀ lónìí yóò ti le sí i bí a bá fẹ́ yọ ọ́ ní ogún ọdún sí i. Iye wáyà tí ó wà nínú iṣan pẹ̀lú ṣe pàtàkì: bí fífi òmíràn kún un yóò bá mú wọn ju mẹ́rin lọ ní apá kan, tàbí ju márùn-ún lọ nínú iṣan ńlá òkè ọkàn, ó yẹ kí a ronú yíyọ. Nígbà tí wọ́n kéde àbùkù lára wáyà dífíbírílétọ̀ Sprint Fidelis lọ́dún 2007, àti ti Riata lọ́dún 2011, ẹ̀rù ba ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọ́n sì fẹ́ kí a yọ tiwọn lójú ẹsẹ̀. Fún èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí wáyà wọn ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ìmọ̀ràn tí ó tọ́ ni pé kí a máa ṣọ́ ọ tímọ́tímọ́, nítorí ewu yíyọ rẹ̀ lè ju ewu fífi í sílẹ̀ lọ.

Ní ti ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ́rẹ́ fa omi láti inú àpò náà, nítorí abẹ́rẹ́ lè gbé kòkòrò awọ wọ ibi tí kò tíì dé. Kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ fún gbígbìn, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì, kí oògùn kankan tó wọ ara wọn. Bí oògùn bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kí wọ́n má dá a dúró fúnra wọn, ẹ jẹ́ kí dókítà tí yóò yọ wáyà sọ ìgbà tí wọn yóò dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ẹ wá káàdì tí wọ́n fún wọn nígbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ náà sí i, èyí tí orúkọ àti nọ́ńbà wáyà kọ̀ọ̀kan wà lórí rẹ̀, nítorí pé bí wọ́n ṣe ṣe wáyà kan ni yóò sọ irinṣẹ́ tí a ó fi yọ ọ́. Bí káàdì náà bá ti sọnù, ilé ìwòsàn tí wọ́n ti fi í sí i lè ní àkọsílẹ̀ rẹ̀, ẹ̀rọ tí a fi ń yẹ pésímékà wò sì lè kà á jáde nígbà mìíràn. Bí ibà, ìgbọ̀nrìrì òtútù, èémí tí kò délẹ̀ tàbí òòyì bá bẹ̀rẹ̀ kí ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín tó pé, ẹ má dúró de ọjọ́ náà. Ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an, kí ẹ sì sọ lẹ́nu ọ̀nà pé pésímékà wọn ti kó àkóràn.